Old English Text: Lẹ́tà Iyì Tí Kò Mọ Àmì Ìsàlẹ̀ Wa

Ẹni tí ó bá ti gba ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìwé ẹ̀rí nílùú Abẹ́òkúta yóò ti rí irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ó dúdú, ó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó, ó sì fún mọ́ra. Old English Text MT ni ó ń jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń bá Microsoft Office wá, nítorí náà ni ó fi sún mọ́ ọwọ́ àwọn atẹ̀wé wa. Nígbà tí ó kàn mí láti ṣe ìwé ètò ìsìnkú ìyá wa àgbà, mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbarà, mo sì yẹ lẹ́tà náà wò fínnífínní.

Ẹwà rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ọwọ́ àwọn adàwékọ Yúróòpù àtijọ́ ni ó ń ṣe àfarawé, àwọn tí kálámù wọn ní ẹnu pẹlẹbẹ, tí ó fi ń fa ìlà nínípọn bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì ń fa èyí tí ó tín-ín-rín bí irun bí ó bá yí ẹ̀gbẹ́. Irú ọwọ́ ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni Johannes Gutenberg fi tẹ Bíbélì nílùú Mainz ní Jámánì ní nǹkan bí ọdún 1455. Bóyá ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tí a bá fi kọ fi máa ń jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì lójú wa.

Orúkọ olóògbé ní ìwọ̀n 36 ní ojú ewé àkọ́kọ́ ni ibi tí ó yẹ ẹ́ jù. Nígbà tí a fi kọ ìtàn ìgbésí ayé ní ìwọ̀n 12, ojú ewé dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí pé ìlà òòró i, n, m àti u jọra púpọ̀. Ẹ fi kọ "Ẹ̀mí Mímọ́" kí ẹ sì ní kí àgbàlagbà kà á. Lẹ́tà ńlá nìkan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀ṣọ́ inú wọn á kọlu ara wọn, kò sì sí ẹni tí yóò rí ọ̀rọ̀ kà.

Àléébù tí ó dùn mí jù ni ti ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́tà náà ní à, é àti ù, nítorí pé àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní àwọn mẹ́ta yìí tí wọ́n ní àmì nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá lọ yá lẹ́tà "ọ" lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, orúkọ á sì dà bí aṣọ tí a fi òwú aláwọ̀ mìíràn lẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká kàn yọ àmì yẹn kúrò, ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Mo kọ̀. Ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní èdè Yorùbá ní ọdún 1859 kò yẹ kó máa sin òkú pẹ̀lú orúkọ tí kò pé. A mú àmì ìdánudúró lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, a gbé e sábẹ́ "o" nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn atẹ̀wé fi ń ya àwòrán, ó sì bá a mu bí ẹni pé wọ́n jọ dá wọn ni.

Orúkọ ìyá àgbà nìkan ni a fi kọ; lẹ́tà lásán ni a fi kọ orin àti ìtàn. Mo ní kí ó fi orúkọ náà pamọ́ fún mi, nítorí a ó tún lò ó nígbà ìrántí ọdún kan.