Ẹ̀rọ ìṣirò ìrìn bàálù orí fóònù: ẹ gba kìlómítà rẹ̀ gbọ́, ẹ rọra gba wákàtí rẹ̀

Ẹ̀rọ ìṣirò ìrìn bàálù pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ kan náà sì ni wọ́n ń ṣe: ẹ kọ orúkọ ìlú méjì, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó àti wákàtí tí bàálù máa lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ifẹ̀ tàbí Iléṣà sílẹ̀ lọ sí Àbújá lè lò ó, àmọ́ ó yẹ kó mọ ibi tó ti ń ṣini lọ́nà.

Ìlà tó kúrú jù láti ibì kan sí èkejì ló máa ń wọ̀n. Á fi eré bàálù ńlá pín in, bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan, á wá fi nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Èkó sí Àbújá tó nǹkan bíi 510 kìlómítà, ó sì máa pè é ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìyẹn dára. Ìbàdàn sí Àbújá tó nǹkan bíi 405, á pè é ní wákàtí kan géérégé. Tó bá jẹ́ bàálù kékeré tí abẹ̀bẹ̀ ń yí níwájú apá rẹ̀ ló gbé yín, eré rẹ̀ kò ju bíi 500 lọ, ẹ ka ogún ìṣẹ́jú mọ́ ọn.

Orúkọ ìlú ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ifẹ̀ àti Iléṣà kò ní pápákọ̀ òfúrufú, síbẹ̀ á dá yín lóhùn: láti àárín ìlú ló ń wọ̀n ọ́n, níbi tí bàálù kankan kì í ti gbéra. Ó tún lè mú Ilesha Baruba ní Kwárà dípò Iléṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Lẹ́tà mẹ́ta ti pápákọ̀ ni kí ẹ kọ: LOS fún Èkó, IBA fún Ìbàdàn, AKR fún Àkúrẹ́, ABV fún Àbújá. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Èkó sí Àbújá kan náà lè jáde ní 510, 317 tàbí 275: kìlómítà, máìlì ilẹ̀, tàbí máìlì àwọn awakọ̀ òfúrufú tó jẹ́ 1.852 kìlómítà. Èyí tí kò bá sọ irú máìlì tó ń lò, ẹ pa á tì.

Kò ka ọ̀nà ilẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ àkókò ará Ifẹ̀ jù. Láti géètì OAU, yunifásítì Ifẹ̀, dé Ìkẹjà tí pápákọ̀ Èkó wà, ẹ ka wákàtí mẹ́rin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà. Ẹ fi wákàtí méjì ìdúró kún un kí bàálù tó gbéra, ó ti lé ní méje kí ẹ tó balẹ̀. Ẹ gba Ìkirè lọ sí Ìbàdàn, wákàtí kan ààbọ̀ ni, Alákìá tí pápákọ̀ wà sì bọ́ sí ìhà Ifẹ̀, ẹ ò ní la ìlú já. Gbogbo rẹ̀ kò tó márùn-ún. Ìbàdàn la fara mọ́ fún ará Ifẹ̀. Àkúrẹ́ sún mọ́ Àbújá jù lójú òfúrufú, bíi 290 kìlómítà, ó sì bá ará Iléṣà lára mu, àmọ́ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni pápákọ̀ rẹ̀ wà, ní òdìkejì ìlú. Bàálù ibi méjèèjì kò pọ̀ bíi ti Èkó. Tí wọ́n bá wọ́gi lé e, ó lè di ọjọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fi ìpàdé òwúrọ̀ sí ọjọ́ tí ẹ máa wọ bàálù.

Fún Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, ẹ ka wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Nígbà òtútù wọn, aago wọn fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa, nítorí náà ẹni tó bá yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìbalẹ̀ orí tíkẹ́ẹ̀tì á rí márùn-ún ààbọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago dọ́gba.