Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kíbọọ̀dù, wọ́n ní kí n mú password díìsìkì mi wá

Bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ password, mi ò bá má kọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà alágbèéká yìí rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ rà á. Bó ṣe wúwo tó, bó ṣe yára tó, bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí, gbogbo ìyẹn ti kún ìta, ẹ lọ kà á níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tiwọn nìkan.

Ohun tó jẹ́ kí n yàn án láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbi tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀ pé Linux, operating system tí èèyàn lè lò dípò Windows, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Mo fi Debian 12, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, sí i, Wi-Fi ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó parí ìfisí. Ẹni tó bá ti bá Debian ṣe ṣáájú ọdún 2023 á mọ ìdí tí mo fi dárúkọ Wi-Fi. Nígbà yẹn, ojúlówó ètò ìfisí wọn kì í gbé firmware (ètò kékeré tó ń mú ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́) tí kì í ṣe open source, ìyẹn tí kóòdù rẹ̀ ò sí ní gbangba, dání, torí náà èèyàn á máa wá íntánẹ́ẹ̀tì kiri láti fi wa ohun tó máa fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ìbò tí wọ́n dì lórí ẹ̀ parí, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Ilé-iṣẹ́ yìí náà gbìyànjú: wọ́n ń gbé update firmware wọn sórí LVFS, ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó irú update bẹ́ẹ̀ sí fún Linux, ètò tó ń jẹ́ fwupd á sì gbé e wọlé fún mi láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ṣì wà tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ ní Windows kí o tó lè rí irú update bẹ́ẹ̀ fi sí i. Mo kí wọn fún ìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, lẹ́tà E bẹ̀rẹ̀ ìṣekúṣe. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á kọ méjì. Nígbà mìíràn á kọ ẹyọ kan bó ṣe yẹ, nígbà mìíràn kò ní kọ nǹkan kan. Nínú lẹ́tà, ìyẹn kì í ṣe bàbàrà, èèyàn á rí i, á sì pa á rẹ́. Ibi tó ti le ni ojú dúdú tí LUKS, ètò tí Linux fi ń ti díìsìkì pa, ti ń béèrè password kí kọ̀ǹpútà tó dìde, torí pé mo ti gbogbo díìsìkì mi pa. Ìràwọ̀ nìkan ni ibẹ̀ ń fi hàn ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni password mi, E sì wà nínú wọn yẹ́ríyẹ́rí. Kí o tẹ gbogbo rẹ̀ tán, kí wọ́n ní kì í ṣe òun, kí o má sì mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ ló ṣìnà ni àbí E ló tún bí ìbejì. Mo so kíbọọ̀dù ìta mọ́ ọn, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rí ti dé nìyẹn: kíbọọ̀dù ara rẹ̀ ló bàjẹ́, wáráńtì sì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí chat ní kí n tún Windows fi sí i, kí n wò ó bóyá á dáwọ́ dúró. Mo ní kì í ṣe Windows ló wà lórí ẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún Windows fi sí i." Mo fi í sílẹ̀, mo lọ kún fọ́ọ̀mù àtúnṣe.

Orí fọ́ọ̀mù yẹn ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè password ní àmì pupa lára: dandan ni. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo, fọ́ọ̀mù kọ̀ láti lọ. Mo wá kọ "mi ò ní fún yín" síbẹ̀, ó lọ wọ̀ọ̀. Mo tún pè wọ́n, mo ní ṣé kí n yọ díìsìkì kúrò kí n tó fi ránṣẹ́, skrúù kan ṣoṣo ló dì í mú. Wọ́n ní rárá, kọ̀ǹpútà tí kò bá pé, àwọn ò ní gbà á wọlé. Mo ní ó dáa. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì mi, mo fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú díìsìkì nínú rẹ̀, ní títì pa.

Ìgbà tí mo máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti kọ ọ́ sí iwájú iṣẹ́ mi pé "a ń retí oníbàárà". Mo bá pè.

Ọmọkùnrin kan ló gbé e. "Ẹ kú àárọ̀ sà. Password yín nìkan ló kù tá a ń dúró dè."

"Kíbọọ̀dù ni mo ní kí ẹ bá mi pààrọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wọlé kí á tó lè dán an wò."

"Ẹ fi flash tí Linux wà lórí ẹ̀ gbé e dìde. Ẹ máa rí gbogbo bọ́tìnnì dán wò, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan díìsìkì mi."

"Ìlànà wa ò fàyè gbà á, sà."

Kò rí mi fín o. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń fi "sà" sí gbogbo ọ̀rọ̀, èmi gan-an ni ohùn mi ń gòkè. Mo ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ìyá tó gba fóònù kí mi dáadáa, ó ní òun ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ó wá béèrè ìbéèrè kan tí mo ṣì ń rántí bó ṣe sọ ọ́: "Ọ̀gá mi, ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́ ká rí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó wà. Ìwé àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ìyẹn ò sì mọ̀ yín rí. Kọ́kọ́rọ́ SSH tí mo fi ń wọ orí server wọn wà níbẹ̀. Èèyàn ò tíì hùwà ọ̀daràn nítorí pé ó ti ilẹ̀kùn. Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó wá fi ọgbọ́n bá mi sọ ọ́: kí n bọ́ sórí kíbọọ̀dù ìta ní ibi iṣẹ́ wọn, kí n yí password náà sí ohun tó rọrùn, bí àwọn bá sì ti parí, kí n tún yí i padà sí tèmi. Àbí ìyẹn náà burú?

Ó burú. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí pé ọ̀pọ̀ àwa tí a ń lo Linux gan-an ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe password tí ẹ ń tẹ̀ ló ti díìsìkì yín. Ọjọ́ tí ẹ dá díìsìkì náà sílẹ̀ ni LUKS ti ṣe kọ́kọ́rọ́ kan fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní volume key, òun ló fi ti gbogbo nǹkan. Password yín kàn ń ṣí àpótí kékeré tí kọ́kọ́rọ́ yẹn wà nínú rẹ̀ ni. LUKS2, ìyẹn ẹ̀yà rẹ̀ kejì, lè ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó 32, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá rí password kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ yín lè fi cryptsetup, àṣẹ tí wọ́n fi ń darí LUKS, tẹ volume key jáde, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ìbáà yí password padà nígbà igba, kọ́kọ́rọ́ inú ò yí padà. Ẹni náà ṣì lè ṣí díìsìkì yẹn ní ọjọ́ tó bá tún kàn án lọ́wọ́. Àfi tí ẹ bá ṣe cryptsetup reencrypt, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tún gbogbo díìsìkì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní torí lẹ́tà E ṣe ìyẹn.

Ìyá náà gbọ́ mi tán. Ó ní, "Mo gbọ́ yín, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa nìyẹn."

Àwọn kan á sọ pé ṣebí open source ni mò ń lò, gbogbo ojú ń wò ó, kí ló tún ń bà mí lẹ́rù? Mo fẹ́ràn open source ju ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "gbogbo ojú ń wò ó" yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ríbẹ̀. Ní ọdún 2006, nínú Debian gan-an, wọ́n yọ ìlà kóòdù méjì kúrò nínú OpenSSL, ètò tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìpamọ́. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2008 tí Debian kéde ohun tí Luciano Bello rí, kọ́kọ́rọ́ SSH tí èèyàn bá ṣe lórí Debian ò lè kọjá ọ̀kan nínú 32,767 fún irú kọ̀ǹpútà àti gígùn kọ́kọ́rọ́ kan. Ìyẹn ò tó nǹkan, èèyàn á dán gbogbo wọn wò tán. Kóòdù náà sì wà ní gbangba ní gbogbo àkókò yẹn. Ti xz, ètò open source tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ti ọdún 2024 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kan tó ń jẹ́ Jia Tan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ohun tó lé lọ́dún méjì ṣe ọmọlúàbí títí wọ́n fi fọkàn tán an, ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1. Ohun tó tú u fó ni pé wíwọlé pẹ̀lú SSH ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ya Andres Freund, ẹnjiníà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lẹ́nu, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, ó sì kéde rẹ̀ ní 29 oṣù kẹta. Kò dé inú Debian 12 tí mò ń lò, tó jẹ́ stable nígbà náà, inú testing àti unstable, àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ṣì ń dán wò, ló dé.

Ohun tí mo rí nínú ti Freund ni pé kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó tú u wò. Ohun tó jẹ́ kí n dúró lórí Debian nìyẹn, kì í ṣe pé mo gbà pé kò lábùkù. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wa nìyẹn" dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo ti ń kọ ímeèlì gígùn tó kún fún ìbínú lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ohùn obìnrin ni, kò tíì dàgbà púpọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Èmi ni ẹnjiníà tí kọ̀ǹpútà yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé Debian ló wà lórí ẹ̀ ni? Mo rí i bó ṣe ń béèrè password."

Mo ní Debian ni.

"Mo ti yọ díìsìkì yín kúrò o. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè."

Ó ti fi díìsìkì sínú ọ̀rá, ó fi séló lẹ̀ ẹ́ pa, ó buwọ́ lu orí séló náà, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó wá fi flash Debian Live gbé kọ̀ǹpútà náà dìde, ó ṣí evtest, ètò tó ń fi ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń sọ hàn, ó sì ń ka ohun tó ń rí fún mi lórí fóònù bí ẹni ń ka àbájáde ìdánwò: code 18, KEY_E, value 1, value 0, value 1, value 0, lórí ìtẹ̀ ẹyọ kan. Value 1 ni títẹ̀, value 0 ni gbígbé ọwọ́ kúrò. Ó ní tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ló pẹ́ lórí bọ́tìnnì ni, value 2 ni ká máa rí. Bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ní kò sí ìdí tí òun fi nílò password ẹnikẹ́ni láti pààrọ̀ kíbọọ̀dù. Mo ní àwọn ará ọ̀hún sọ fún mi pé ẹ kì í lo flash. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn yẹn ò wọ ibi tá a ti ń ṣiṣẹ́ rí, sà."

Mo pa ímeèlì yẹn rẹ́.

Kọ̀ǹpútà dé kíákíá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ṣí páálí, ohun àkọ́kọ́ tí ojú mi bà ni lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀: "A ti tún operating system yín fi sí i, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Àyà mi já. Mo tan án ní ìdúró, ojú dúdú LUKS yọ sí mi, mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pẹ̀lú gbogbo E wọn, ó ṣí. Gbogbo nǹkan wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo pè wọ́n nípa lẹ́tà yẹn, wọ́n ní gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá ti jáde ló máa ń gba irú rẹ̀, wọn kì í wo ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Mo ṣì yẹ inú /boot wò, apá díìsìkì tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kà tó bá ń dìde. Ètò ìfisí Debian kì í ti apá yẹn pa bó ṣe ń ti ìyókù, torí náà ẹni tí kọ̀ǹpútà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè yí ohun tó wà níbẹ̀ padà kó lè gba password yín nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Joanna Rutkowska, tó dá operating system Qubes OS sílẹ̀, ti fi irú iṣẹ́ ibi yìí hàn láti ọdún 2009. Mo ti gba sha256sum (àmì ìdánimọ̀ tó máa yí padà bí fáìlì bá yí padà) gbogbo fáìlì ibẹ̀ sílẹ̀ kí n tó fi í ránṣẹ́. Mo fi wé wọn: kò sí èyí tó yàtọ̀. Séló tó buwọ́ lù wà nínú páálí, ó tún tẹ ohun tí evtest sọ sórí ìwé, ti kíbọọ̀dù àtijọ́ àti ti tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ta ló ń ṣe ìyẹn láyé yìí?

Kíbọọ̀dù tuntun náà dára, ó tiẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ̀wé sí wọn kí wọ́n mọ irú ẹnjiníà tí wọ́n ní, mo sì ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ password kúrò lórí fọ́ọ̀mù wọn. Ìdáhùn tí mo rí gbà ni pé wọ́n dúpẹ́ pé mo yan àwọn.

Bí èyí bá gbó, ọwọ́ wọn náà ni màá ti ra òmíràn. Ṣùgbọ́n torí ọ̀rọ̀ password yẹn, máàkì mi: 2 nínú 5.