Ilé Ìkàwé Àdúgbò Wa ní Maryland: Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbẹ̀ Lọ́dún Mẹ́fà

Níbi tí à ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, owó ni ènìyàn ń san kí ó tó fi afẹ́fẹ́ sí táyà ọkọ̀, owó ni ó ń san síbi tí ó gbé ọkọ̀ náà sí, ẹni tó kàn gbé búrẹ́dì lé e lọ́wọ́ yóò sì tún yí ojú ẹ̀rọ sí i pé kí ó yan iye tíìpù tí ó fẹ́ fi sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Starbucks tó ń ta kọfí kéde pé ẹni tí kò bá ra nǹkan kò ní í lè jókòó tàbí lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ́, ààyè tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà láti ọdún 2018. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé ilé kan wà tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, tí ènìyàn lè jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, tí ó lè lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tí ó sì lè gbé ogún ìwé lọ sílé láìsan kọ́bọ̀, wọ́n máa ń rò pé àsọdùn ni. Ilé ìkàwé gbogbogbò ti àdúgbò wa ni mò ń wí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lò ó. N kò ní í dárúkọ ẹ̀ka náà, nítorí pé àwọn àléébù kan wà tí mo fẹ́ sọ, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ ènìyàn tí èmi àti wọn jọ ń kí ara wa.

Bí ó ti pẹ́ tó tí mo ti ń lọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mo ń pè ní Bọ̀dá Àgbà, ló jẹ́ kí n mọ iyì ibẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, ó sì ti ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú kí wọ́n tó pinnu pé àwọn yóò tọrọ ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2025, mo mú wọn lọ gba káàdì. Òṣìṣẹ́ tó jókòó níwájú kàn wo láísẹ́ǹsì ọkọ̀ wọn, ó rí i pé àdírẹ́sì ibẹ̀ wà nínú káúńtì wa, ó tẹ nǹkan díẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, káàdì sì ti jáde kí Bọ̀dá Àgbà tó kí i tán. Kò béèrè nọ́ńbà Social Security, kò béèrè káàdì báǹkì, kò sì béèrè ìwé ìgbélùú. Ìyẹn gan-an ló kọ Bọ̀dá Àgbà lóminú. Bí a ṣe jáde, wọ́n dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

“Ìyàwó wa, ṣé ó dá ẹ lójú pé wọn ò ní fi bíìlì ránṣẹ́ sílé tó bá yá?”

“Bọ̀dá mi, bíìlì ti wá tipẹ́, ẹ sì ti san án. Inú owó orí tí káúńtì ń yọ lára owó iṣẹ́ yín ló wà.”

Wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sínú ilé náà lọ yá ìwé mẹ́ta sí i.

Iṣẹ́ tí ilé ìkàwé yìí mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ, lójú tèmi, ni kíláàsì ìgbaradì fún ìdánwò ọmọ orílẹ̀-èdè, tí ó máa ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú yàrá kékeré kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn, kì í sì í gba owó. Àkókò tí Bọ̀dá Àgbà bọ́ sí kò dára, nítorí pé àjọ USCIS, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìgbélùú àti ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìdánwò náà padà ni. Nínú ti tẹ́lẹ̀, ìbéèrè 100 ni ènìyàn ń kà, wọn yóò bi í ní 10, bí ó bá sì gba 6, ó yege. Nínú ti tuntun, tí ó kan gbogbo ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìbéèrè 128 ló wà nílẹ̀, wọ́n lè bi ènìyàn tó 20, ó sì gbọ́dọ̀ gba 12. Iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí Bọ̀dá Àgbà ráyè parí fọ́ọ̀mù wọn títí oṣù Kọkànlá fi wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ńlá ṣe bá wọn.

Tíṣà náà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ẹnikẹ́ni nínú. Ó kó páálí pélébé-pélébé tí ó tẹ ìbéèrè sí jáde nínú àpò, etí wọn ti gbó, ó ya èyí tí kò wúlò mọ́ sọ́tọ̀, ó sì pín ìyókù fún wọn láti mú lọ sílé. Ní ẹ̀yìn páálí tiwọn ni Bọ̀dá Àgbà kọ orúkọ àwọn àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà ìgbàanì sí bí ó ṣe dún létí Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀: Jẹ́fásìn, Mádísìn, Hámíítìn. Nígbà tí tíṣà rí i, ó béèrè ohun tí àwọn ilà kéékèèké náà wà fún, Bọ̀dá Àgbà sì fi ẹnu pe dò, re, mí fún un. Tíṣà náà ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni, òun kò rí ẹni tó fi ohùn orin kọ Jefferson rí.

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà tí ó ní kí ènìyàn dárúkọ ohun kan tí òkìkí Benjamin Franklin fi kàn, ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí ìjọba sì fọwọ́ sí ni pé òun ló dá ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pé. Library Company tí Franklin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Philadelphia lọ́dún 1731, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dáwó jọ láti fi ra ìwé, bí àwa ṣe ń dá àjọ. Ìlú Peterborough ní New Hampshire ló fi owó orí gbé ilé ìkàwé ọ̀fẹ́ ró lọ́dún 1833. Mo sọ èyí fún Bọ̀dá Àgbà, wọ́n ní kí n jọ̀wọ́ má kó o wọ orí àwọn, pé ohun tí ìjọba bá ní kí àwọn sọ ni àwọn yóò sọ.

Yàrá kọ̀ǹpútà ni ìyìn mi ti dín kù. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ìṣẹ́jú 60 ni wọ́n ń fún ènìyàn kan, bí ó bá sì ti pé, ẹ̀rọ yóò pa ara rẹ̀ dé láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù N-400 tí ènìyàn fi ń tọrọ ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 710 fún ẹni tó bá fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń béèrè gbogbo ìrìn àjò tí ènìyàn rìn jáde kúrò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún márùn-ún. Bọ̀dá Àgbà ṣí páspọ́ọ̀tì wọn, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, à ń jiyàn bóyá 3 ni tàbí 8 ló wà nínú òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún wọn ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, àfi bí ojú ẹ̀rọ ṣe ṣú. Òṣìṣẹ́ fún wa ní ìdajì wákàtí sí i nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ojú ń tì láti bẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: sẹ́ǹtì 15 ni ojú ewé kan, owó ẹyọ nìkan ló ń gbà, kì í fúnni ní ṣéńjì, ó sì ti gbé ìwé mi mì lẹ́ẹ̀mejì tí mo ní láti tún un tẹ̀.

Ní ti ìwé fúnra rẹ̀, kò sí ẹjọ́ tí mo lè rò mọ́ ẹ̀ka ti àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó ìtanràn mọ́ bí ìwé bá pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ìwé èdè ilẹ̀ òkèèrè ń bí mi nínú. Èdè Spéènì gba ìlà mẹ́rin, èdè Ṣáínà gba kan, èdè Rọ́ṣíà àti ti Faransé wà níbẹ̀, kò sì sí ìwé Yorùbá kan ṣoṣo, ní agbègbè tí ènìyàn kì í tò sórí ìlà ní ọjọ́ Sátidé kí ó má gbọ́ “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta” lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn tó ń ta ìwé fún àwọn kì í kó Yorùbá wá. Ohun tó rọ̀ mí lọ́kàn díẹ̀ ni pé wọ́n bá mi yá ìwé atúmọ̀ èdè kan láti yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, òǹtẹ̀ tó sì wà lójú ewé ìparí fi hàn pé ọdún 1987 ni ẹnìkan yá a kẹ́yìn.

Àwọn tó ń ka ìwé lórí fóònù máa ń bínú pé ìdúró pọ̀ jù, pé wọ́n lè dúró fún ìwé kan fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀bi ibẹ̀ kọ́ pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé kì í ta ìwé orí fóònù fún ilé ìkàwé bí wọ́n ṣe ń tà á fún èmi àti ẹ̀yin. Ṣe ni wọ́n ń yá a fún wọn ní iye àsìkò kan tàbí fún iye ẹni kan. HarperCollins ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí gbogbo ayé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2011, nígbà tí ó ní bí ènìyàn 26 bá ti yá ìwé kan tán, kí ilé ìkàwé lọ tún un rà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Amẹ́ríkà kò nílò tẹlifíṣọ̀n bí ó bá ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀kùn nítorí pé àwọn aṣòfin kò fẹnu kò lórí ìnáwó, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ 43, tí irú rẹ̀ kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó pọ̀ ní agbègbè wa ló kún orí tábìlì ibẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, pẹ̀lú káàdì iṣẹ́ tí àwọn kan ṣì so kọ́rùn. Nígbà tí SNAP, owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn kò tó, kò wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, àwọn òṣìṣẹ́ gbé àpótí kan sẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tó bá ní fi agolo oúnjẹ sí i, kí ẹni tí kò ní sì mú. N kò rí i kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ àpótí náà.

Ilé ìkàwé fúnra rẹ̀ kò bọ́ nínú ìjì náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó ní kí wọ́n gé àjọ IMLS, tó ń fi owó àpapọ̀ ran ilé ìkàwé lọ́wọ́, kù dé ibi tí òfin bá gbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni South Dakota dáwọ́ yíyá ìwé láti ilé ìkàwé kan sí òmíràn dúró, irú èyí tí mo fi rí ìwé atúmọ̀ èdè mi. Ìpínlẹ̀ 21 pẹjọ́, Maryland wà nínú wọn, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ní Rhode Island sì dá wọn láre ní oṣù Kọkànlá. Láàárín kan náà, ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fi ìméèlì yọ Carla Hayden, obìnrin àkọ́kọ́ àti aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba àpapọ̀, kúrò nípò. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn ará Baltimore ju bí àlejò ṣe lè mọ̀ lọ, nítorí pé Hayden ló darí Enoch Pratt Free Library láti ọdún 1993 títí di 2016, ilé ìkàwé tí ó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1886, tí oníṣòwò tó fowó kọ́ ọ sì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé fún gbogbo ènìyàn ni, olówó àti tálákà, láìwo àwọ̀ ara. Ní ìpínlẹ̀ tó jẹ́ pé láyé ìgbà yẹn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ní kí ènìyàn dúdú máa gbà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Bí ẹ bá ní kí n fún ẹ̀ka tiwa ní ìràwọ̀, mẹ́rin ni n óò fún un nínú márùn-ún. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti pẹpẹ tí kò ní Yorùbá ló jẹ ẹyọ kan. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó mú ìwé kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dání, kí ó dé kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, nítorí pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ya wọlé lẹ́yìn náà, ariwo wọn kò sì kéré. Kí ó má gbàgbé owó ẹyọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó mú súwẹ́tà dání pẹ̀lú. Bọ̀dá Àgbà ti fi ọ̀kan sí búùtù ọkọ̀ wọn fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ó tó.