Kíláàsì kọ̀ǹpútà àti fóònù fún àgbàlagbà: ibi tó ti dáa, ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun n'Ìbàdàn, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Fóònù Android ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, ṣùgbọ́n kò ju kí n pe èèyàn, kí n gbé e tí wọ́n bá pè mí, kí n sì wo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ mi lórí WhatsApp. Ọ̀wọ́n náírà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló lé mi lọ sí kíláàsì. Wọ́n ní ká kó náírà 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì, tuntun ò sì sí níta. Tiransífà ṣáá ni gbogbo oníbàárà ń ṣe. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ lóṣù kẹta ọdún náà pé ká ṣì máa ná owó àtijọ́, ó ti sú mi pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá mi ka iye tí mo ní ní báńkì.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Ìwó Road ni kíláàsì náà wà, ₦20,000 ni wọ́n ń gbà fún oṣù kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn, fóònù ló máa ń kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ibẹ̀, òdìkejì ni màá ṣe.

Mouse, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì, ni wàhálà àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kí ọfà ojú kọ̀ǹpútà má sì yẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Solitaire ni wọ́n fi tọ́ wa sọ́nà, eré káàdì tí Microsoft ti fi sínú Windows láti ọdún 1990. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ wa ṣòfò ni, àṣé gbígbé káàdì láti ibì kan lọ síbòmíì yẹn gan-an ló máa ń tú ọwọ́ sílẹ̀. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì kò fẹ́ dìde nídìí ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó wa wọ Word, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, a ń tẹ lẹ́tà tí a ò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Èèyàn méjì ló ń lo kọ̀ǹpútà kan. Bí NEPA bá mú iná lọ, tí epo ò sì sí nínú jẹnẹrétọ̀, ilé yá nìyẹn. Wọn kì í sì í san ọjọ́ náà padà. Èyí ò dáa rárá, torí owó oṣù kan ni wọ́n gbà.

Apá ti fóònù ni ẹ bá mi dúró lé. Ọmọ tí mo lè bí ni tíṣà tó kọ́ wa, kì í sì í gba fóònù lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ọmọ wa nílé ńkọ́? Ẹ bi wọ́n ní nǹkan, wọ́n á ní, "Mummy, ẹ mú un wá," wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, wọ́n á dá a padà, ẹ ò sì rí nǹkan kan kọ́. Eléyìí á di ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà, kò ní bàjẹ́." Bí a bá tẹ ibi tí kò yẹ, á ní ká wá ọ̀nà àbáyọ fúnra wa.

Ohun tó kọ́kọ́ ní ká ṣe ni ká wọ Settings, ká wá Display, ká sọ lẹ́tà di ńlá. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ lọ ra awò ojú! Ó tún rí i pé ṣe là ń fi ìka tẹ ojú fóònù bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ. Ó ní fífọwọ́ bà á lásán ti tó. Lórí WhatsApp, ó kọ́ wa pé bí a bá di àmì máíkì mú láti fi ohùn ránṣẹ́, ká fà á sókè kó tì, ká wá máa sọ̀rọ̀ láìdi nǹkan kan mú. Bí a ṣe ń fi Yorùbá kún Gboard, ìyẹn bọ́tìnnì lẹ́tà tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lójú fóònù, náà wà níbẹ̀: ẹ di "e" mọ́lẹ̀, "ẹ" á yọjú.

Ọjọ́ kan, alert ₦50,000 wọlé sórí fóònù gbogbo wa, a sì ti ń dúpẹ́. Tíṣà ló fi nọ́ńbà ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí báńkì ṣe ń kọ ọ́. Ó ní ká má gba SMS gbọ́, ká má sì gba rìsíìtì tí oníbàárà bá nà sí wa lórí fóònù tirẹ̀ gbọ́. Ká ṣí app báńkì tiwa, ká wo iye tó wà nílẹ̀. Bí dátà bá tán, ká tẹ kóòdù báńkì wa, ìyẹn ò nílò dátà. Ní Gbági báyìí, n kì í di ẹrù fún ẹnikẹ́ni kí n tó wò ó.

Ó tún ní ká fi PIN sí SIM fúnra rẹ̀, torí olè lè yọ SIM jáde, kó kì í sínú fóònù mìíràn, kó máa tẹ kóòdù báńkì. Bí SIM bá ti ní PIN, tó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti tì nìyẹn, àyàfi tó bá rí PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí SIM tó bá tì. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ yìí nìkan tó owó tí mo san.

Ẹ̀sùn mi tó kù: Yorùbá ni tíṣà fi ń kọ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n há fún wa. Ìyá kan tí kò mọ̀wé ń ya àwòrán àwọn àmì náà sínú ìwé rẹ̀: yípo eléyín fún Settings, fóònù inú àwọ̀ ewé fún WhatsApp. Ìwé tirẹ̀ wúlò fún mi ju èyí tí wọ́n há lọ.

Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè sanwó fóònù nìkan. Tí ẹ bá ń lọ, fóònù tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ má yá ti ọmọ yín, torí bí Settings ṣe wà lórí Tecno kọ́ ló ṣe wà lórí Samsung. Kẹ́ ẹ sì ra dátà sílẹ̀. Ti kíláàsì kì í yára.