Máásítà ìṣirò láti Àjàṣẹ́, ọdún méjì: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mò ń ṣe ní CEG kan, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí máásítà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílẹ̀ Faransé, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní mathématiques discrètes et modélisation. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín. Ìṣirò ohun tó ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan ni: èèyàn, ìkóríta, ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe ohun tó ń ṣàn bí omi. Sìmẹ́sítà mẹ́rin, krédíìtì 120. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kù díẹ̀ kí n jáwọ́.

Kíka iye nǹkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èmi tí mo sì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Wọ́n ní ká mú àpẹẹrẹ ohun tó ń yípo wá. Mo mú ọjà Àjàrá, mo kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an. Olùkọ́ fa ìlà pupa sí i. Mi ò kúkú parọ́: ọrọọrún ni ìyá mi ń pè é, torí a máa ń ka òní mọ́ ọn. Lórí ìwé tiwọn, 4 ni. Tí ọjà náà bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lónìí, ó di ọjọ́ 28 kó tó tún bọ́ sí Àìkú, torí 4 àti 7 kò ní nọ́ńbà kankan tó pín àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí 1. Tí n bá tẹ̀ lé 5 tèmi, ọjọ́ 35 ni màá gbé apẹ̀rẹ̀, màá sì bá ọjà lófìfo. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láì bi ara mi bóyá mo ti ka òní mọ́ ọn.

Gíráàfù ló tẹ̀ lé e, ìyẹn àwòrán kókó tí ìlà so pọ̀ mọ́ra, adùn ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ìbéèrè Euler, 1736, bóyá èèyàn lè gba orí afárá 7 ìlú Königsberg kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n yára kọjá ìyẹn. Bí Dijkstra ṣe ń wá ọ̀nà tó kúrú jù láti kókó kan dé òmíràn, 1959, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ débi pé ọmọ ilé ìwé mi lè ṣe é. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ àwọ̀ mẹ́rin, pé àwọ̀ mẹ́rin tó láti kun máàpù láì jẹ́ kí ilẹ̀ méjì tó pààlà jọ ní àwọ̀ kan náà. Appel àti Haken ló fi kọ̀ǹpútà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1976, torí ẹ̀rí náà ju ohun tí èèyàn lè fọwọ́ yẹ̀ wò lọ. Kí wá ni ká fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe níbẹ̀? Àwọ̀ kíkùn yìí náà la lè fi to emploi du temps, ìyẹn àtẹ àkókò iṣẹ́ ilé ìwé: kíláàsì méjì tí olùkọ́ kan ń kọ́ kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ kan náà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ wákàtí kan. Èyí tí èmi ń wá nìyẹn, ojú ewé kan péré ni wọ́n fún un.

Modélisation, ìyẹn fífi ìṣirò ṣàpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé, ni mo tìtorí ẹ̀ sanwó. Búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ó máa ń gbé e sórí alùpùpù láti Ouando, á pín in fún ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án, á sì padà. Mo ya gíráàfù oníkókó 10, mo wọn ọ̀nà, mo lo Python, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú NetworkX, àkójọ irinṣẹ́ rẹ̀ fún gíráàfù. Ọ̀fẹ́ ni, tí ẹ bá sì ti gbà á sílẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Kọ̀ǹpútà ogbólógbòó mi gbé e. Tí a bá ka àlọ àti àbọ̀ sí ọ̀kan, ọ̀nà 181,440 ló wà láti fi yípo. Kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ẹ̀ wò, ó mú èyí tó kúrú jù. Mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní, “Ìwọ, ta ló ní kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí? Àwìn ni wọ́n ń rà. Tí mo bá tètè dé, wọn ò tíì tà, kí ni wọ́n fẹ́ fún mi? Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń parí sí.”

Kò sí fídíò kankan tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ti àwọn méjèèjì sẹ́yìn, 181,440 já wálẹ̀ sí 10,080. Ọ̀nà tó jáde gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n owó ń wọlé. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni kéèyàn mọ ohun tó yẹ kí ìlà gíráàfù dúró fún, kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi kọ́ wa níyẹn.

Ìràwọ̀ méjì tí mo yọ, ìdánwò ló fà á. Ní oṣù kìíní, aago wọn àti tiwa jọ ń lọ. Tó bá di ìparí oṣù kẹta, wọ́n á sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan. Àwa ní Benin kì í sún un. Ìwé ìpè sọ pé aago mẹ́sàn-án, kò sọ ti ta ni. Ní oṣù kẹfà, mo jókòó ní mẹ́sàn-án Àjàṣẹ́, mo bá a pé wákàtí kan ti lọ nínú mẹ́ta. Mo kọ lẹ́tà. Ọjọ́ kọkànlá ni èsì tó dé, ìlà kan: òfin ni òfin. Ti iná tó lọ nígbà ìdánwò ẹnu, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Tí ẹ bá ti lè jókòó ti ẹ̀rí olójú ewé mẹ́ta láì tòògbé, ẹ wọlé. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan lẹ fẹ́, owó yín á dùn yín.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lánàá, ó ní òun rí oníbàárà tuntun kan ní Djassin, kí n fi kún un. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, mo bi í bóyá ẹni náà máa ń ra àwìn.