Abẹ Gbàjámọ̀ Àtijọ́: Sheffield, Solingen tàbí Sweden, Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ẹni tó bá ra abẹ gbàjámọ̀ àtijọ́ kan kì í sábà dúró lórí ẹyọ kan. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Abẹ tí wọ́n rọ ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, bí irin rẹ̀ bá ṣì pé, á ṣì fá irùngbọ̀n lónìí bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Àwọn tó ń rọ wọ́n pàápàá mọ ojúkòkòrò yìí: wọ́n máa ń ta abẹ méje nínú àpótí kan, orúkọ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìfárùngbọ̀n oníbíléèdì ní 1904 ni ọjà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí wá láti ibi mẹ́ta.

Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Wade & Butcher, Joseph Rodgers tó ń lo àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú, àti George Wostenholm tó ń tẹ I*XL sí ọrùn abẹ (ibi tí irin ti pàdé èèkù): àwọn orúkọ tí ẹ máa bá pàdé nìyẹn. Ìlú yìí ni Benjamin Huntsman ti ń yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ láti nǹkan bí 1740, kí irin náà lè dọ́gba látòkè délẹ̀. Abẹ ibẹ̀ fẹ̀, 7/8 ínṣì wọ́pọ̀, 8/8 náà wà. Ó wúwo, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì kún bíi ti àáké. Irùngbọ̀n líle ò lè mì ín, kì í sì í pariwo lójú ẹni.

Wàhálà rẹ̀ wà lórí òkúta. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún, irin tó pọ̀ ló ń kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, ìpọ́n àkọ́kọ́ lè jẹ odindi ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ti wọ́ díẹ̀, apá kan ojú á máa kan òkúta, apá kejì ò ní kàn án.

Solingen, Jámánì

5/8 àti 6/8 ló pọ̀ jù níbí. Wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú láti ọ̀tún àti òsì títí irin fi fẹ́lẹ́; bí ẹ bá fi èékánná ta á, á dún. Irin díẹ̀ péré ló ń kan òkúta, nítorí náà ó yá láti pọ́n. J. A. Henckels tí wọ́n ti forúkọ àmì ìbejì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1731, Puma àti Böker wà lára wọn. Láti 1938 ni òfin ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen fúnra rẹ̀. Àléébù ibẹ̀ ni pé ohun tó fẹ́lẹ́ kì í fara da ìṣubú: bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ojú rẹ̀ á bù tàbí kó sán.

Eskilstuna, Sweden

Heljestrand àti Erik Anton Berg ni kí ẹ wá. Irin wọn le, ó lọ́ra lórí òkúta, ṣùgbọ́n bó bá ti mú tán, ó ń pẹ́ kó tó kú. Irú kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ ọ̀tọ̀, tí wọ́n ki irin pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún abẹ kẹrin tàbí ìkarùn-ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi fá irùngbọ̀n, Solingen 6/8 tí orí rẹ̀ rí róbótó ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wò ó ni, kò sí èyí tó tó Sheffield. Ti Sweden dára fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n pọ́n.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú owó

Orúkọ ọrùn abẹ kì í fá irùngbọ̀n. Nígbà ìpọ́n, ẹ̀yìn àti ojú ló jọ ń sùn lórí òkúta, nípọn ẹ̀yìn ló sì ń sọ igun tí ojú máa ní. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi kálípà wọn nǹkan méjì: nípọn ẹ̀yìn, àti fífẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ojú. Ẹ fi fífẹ̀ pín nípọn. Abẹ 6/8 fẹ̀ tó mílímítà 19. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá nípọn tó 5.3, ìdáhùn á jẹ́ 0.28, igun rẹ̀ á sì jẹ́ nǹkan bíi dígírì 16. Láti 0.25 dé 0.31 ló dára.

Bí ẹ̀yìn bá ti jẹ lọ sí 4.2, ìdáhùn á wá sí 0.22: ojú á tín-ín-rín jù, á sì máa bù wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti lọ ojú rẹ̀ kí wọ́n lè mú ibi tó bù kúrò, tí fífẹ̀ ku 16 tí ẹ̀yìn ṣì wà ní 5.3, ìdáhùn á ju 0.33 lọ, abẹ náà á sì máa fa irun dípò kó gé e.

Ẹ wo ìlà pẹlẹbẹ tí òkúta fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tóóró tó dọ́gba kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó fẹ̀ níbì kan tó sì tín-ín-rín níbòmíràn, ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ ló pọ́n ọn. Ojú tó yọ síta díẹ̀ bí ọrun ò burú. Èyí tó tẹ̀ wọnú láàárín ni kí ẹ sá fún.

Ìpẹtà ẹ̀yìn ò pa abẹ. Ti ojú ló ń pa á, nítorí ihò rẹ̀ máa ń jinlẹ̀ ju bó ṣe hàn lọ. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wo ojú látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá rí ibi tó sán, bó ti wù kó kéré, ẹ má rà á. Èyí tó ń dán bíi dígí náà ń fẹ́ ìfura: bí lẹ́tà ọrùn rẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀rọ ni wọ́n fi dán an, ooru ẹ̀rọ sì lè ti mú líle irin lọ.

Èèkù

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Níbí, èèkù ló ń jẹ abẹ. Celluloid (ike àtijọ́ kan) tó bá ń bàjẹ́ máa ń tú èéfín olóró jáde tó ń mú irin dípẹtà, èyí tó mọ́lẹ̀ gàárà tàbí tó dà bí igbá ẹ̀yìn ahun ló sì burú jù. Bí ìpẹtà bá wà níbi tí èèkù bò nìkan, tí èèkù sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tó ń sán, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Iná tún máa ń tètè ràn án. Ìwo sàn, àmọ́ ó máa ń wọ́, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́. Ẹ pa á dé, kí ẹ wò ó bóyá ojú ń kan èèkù.

Eyín erin gidi máa ń ní ìlà tó gba ara wọn kọjá lẹ́bàá ìdí. Ìlà celluloid funfun máa ń gùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ní 1989 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, fòfin de òwò eyín erin láàárín orílẹ̀-èdè, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e lẹ́nubodè.

Ọjọ́ orí

Adé pẹ̀lú WR lọ́rùn abẹ jẹ́ ti ìgbà Ọba William Kẹrin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1830 sí 1837. VR jẹ́ ti Victoria, 1837 sí 1901. GR ò dá a lójú, nítorí George tún jọba ní 1910. Òfin Amẹ́ríkà ti 1890 ló ní kí ọjà òkèèrè máa gbé orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, nítorí náà abẹ tó kọ England tàbí Germany sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà náà. Èyí tí kò kọ ọ́ lè jẹ́ ọjà ilé wọn lásán.

Ẹ fi ìpọ́n kún ìṣirò owó yín: òkúta 1000 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí òkúta ṣe kúnná tó) láti dá ojú sílẹ̀, 4000, 8000, 12000, kí ẹ tó fi awọ nù ún ní ìgbà 50, ẹ̀yìn ló máa ṣáájú. Lẹ́yìn fífá, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àpò awọ tó bá a wá lẹ́wà, ṣùgbọ́n awọ máa ń mu omi, kò sì yẹ kí abẹ sùn nínú rẹ̀.