Ọjọ́ Kan ní Angkor: Ṣé Bọ́ọ̀sì Àjọwọ̀ Ni àbí Tuk-tuk Tiyín?

Bí ẹ bá gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn dé ìlú Siem Reap ní Kàmbódíà, ẹ ò ní tíì bọ́ bàtà tán kí ẹni tó ń gba àlejò ní ilé ìtura tó bi yín bóyá ẹ óò bá wọn lọ wo Angkor, ìlú àtijọ́ tó kún fún tẹ́ńpìlì olókúta, lọ́la. Bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Owó rẹ̀ kì í dẹ́rù bani, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ san án láì béèrè nǹkan kan.

Ẹ béèrè nípa tíkẹ́ẹ̀tì ná. Owó bọ́ọ̀sì kì í sábà ní owó ìwọlé nínú. Dọ́là 37 ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, 62 ni ti ọjọ́ mẹ́ta, 72 ni ti ọjọ́ méje. Fọ́tò yín ni wọ́n ń tẹ̀ sára rẹ̀, kò ṣeé fún ọ̀rẹ́ lò. Ti ọjọ́ mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí jù, nítorí kò di dandan kí ọjọ́ náà tẹ̀ léra. Ọjọ́ 10 wà nílẹ̀ tí ẹ lè fi lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn òkúta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Bọ́ọ̀sì àjọwọ̀ ní àǹfààní tirẹ̀. Wọ́n á wá gbé yín lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́, omi tútù wà, afinimọ̀nà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Nǹkan bíi dọ́là 15 sí 20 ni mo sábà máa ń rí. Fún ẹni tó dá rìn, kò sọ́nà mìíràn tó rọjú bẹ́ẹ̀ láti gbọ́ ìtàn ibẹ̀ lẹ́nu ẹni tó níwèé àṣẹ.

Àmọ́ àkókò yín ti di ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo bá ọ̀kan nínú wọn lọ, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fún wa ní Bayon, ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ńpìlì náà. Nígbà tó di ọ̀sán, a jókòó ju wákàtí kan lọ nílé oúnjẹ kan tí ọbẹ̀ ibẹ̀ gbówó lórí ju ti ọjà lọ fíìfíì, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ sílíkì. Kò sẹ́ni tó sọ tẹ́lẹ̀ fún wa.

Tuk-tuk ńkọ́? Ẹ má fi kẹ̀kẹ́ Marwa sọ́kàn. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀kadà gidi ni, wọ́n wá so ọkọ̀ kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ènìyàn mẹ́rin lè jókòó síbẹ̀. Ẹ lè gbà á fún odidi ọjọ́ ní nǹkan bíi dọ́là 20, ó kù sí bí ẹ bá ṣe ná an. Ẹ̀yin lẹ ó pinnu ibi tí ẹ óò kọ́kọ́ lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ìwọ̀ oòrùn ni Angkor Wat, tẹ́ńpìlì tó lókìkí jù níbẹ̀, kọjú sí. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ní agogo márùn-ún ìdájí yóò rí oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àìmọye ènìyàn tí wọ́n na fóònù sókè. Ọ̀sán ni ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí iwájú rẹ̀. Onítuk-tuk lè gbé yín lọ sí tẹ́ńpìlì Ta Prohm bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ní agogo méje ààbọ̀, kí ọ̀wọ́ bọ́ọ̀sì tó dé.

Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó wọlé ṣàlàyé fún yín. Ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dúró. Ní Ta Prohm, ìyẹn ò burú. Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ ọ ní 1186 ní ìrántí ìyá rẹ̀, àmọ́ gbòǹgbò igi ràgàjì tó dì mọ́ ògiri ò nílò alálàyé. Ní Bayon, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ojú ńláńlá tó wà lára àwọn ilé ìṣọ́ ni gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò, wọ́n á sì kọjá ògiri ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ìgbé ayé àwọn ará ìlú sí: obìnrin tó ń tajà, àwọn tó ń wo àkùkọ jà, ogun orí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Angkor Wat, lápá ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n gbẹ́ ìtàn àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù sí ògiri: àwọn òrìṣà àti iwin ń fa ejò kan náà ní ìhà méjì láti fi po òkun wàrà. Èmi ti kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, mo rò pé eré okùn fífà ni.

Torí náà, bí ẹ bá pé mẹ́ta, ẹ gba tuk-tuk, kí ẹ sì gba afinimọ̀nà tiyín pẹ̀lú. Ká ní afinimọ̀nà gba dọ́là 40, tuk-tuk gba 20, ogún-ogún dọ́là ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye bọ́ọ̀sì gan-an. Ẹni tó dá wà tó sì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kó wọ bọ́ọ̀sì, àmọ́ kó béèrè iye èrò, ibi tí wọ́n ti máa jẹun, àti bóyá ṣọ́ọ̀bù wà nínú ètò.

Banteay Srei nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Ọdún 967 ni wọ́n ya tẹ́ńpìlì olókúta pupa yẹn sí mímọ́, ó sì jìnnà sí ìlú ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Eruku ọ̀nà yẹn pọ̀ fún tuk-tuk. Bọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò ni kí ẹ bá lọ.

Àwọn kan á ní kẹ̀kẹ́ ológeere ló dáa jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú lóòótọ́, ọ̀nà tó yí àwọn tẹ́ńpìlì pàtàkì ká, tí wọ́n ń pè ní àyíká kékeré, ò sì ju kìlómítà 17 lọ, àmọ́ kó jẹ́ láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Oòrùn oṣù kẹrin kì í ṣe ti eré.

Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kí ẹ wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gun òkè pátápátá ní Angkor Wat. Dọ́là tí ẹ bá mú lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa; èyí tó bá ya díẹ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.